Kọ́ńgò Tí Wọ́n Fi Wọn Epo

Ẹni tó bá ń ra gàrí lọ́jà mọ̀ pé kọ́ńgò ni ojú ń kọ́kọ́ wò. Kọ́ńgò náà ló ń wá sí mi lọ́kàn nígbà tí mo ń ka ìdájọ́ àkọ́kọ́ tí ìgbìmọ̀ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé gbé jáde, lọ́jọ́ 29 oṣù kẹrin ọdún 1996. Fẹnẹsúẹ́là àti Bràsíl ló pe Amẹ́ríkà lẹ́jọ́ lórí epo bẹntiróòlù.

Amẹ́ríkà ń wá afẹ́fẹ́ tó mọ́. Wọ́n ní bẹntiróòlù tí wọ́n ń tà kò gbọdọ̀ dọ̀tí ju ti ọdún 1990 lọ. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ ìfọpo tiwọn lè fi àkọsílẹ̀ ara rẹ̀ ṣe òṣùwọ̀n. Ti òkèèrè, èyí tí ìjọba là sílẹ̀ ni dandan fún un. Kọ́ńgò méjì, ọjà kan.

Mo fẹ́ràn bí àwọn olùpẹjọ́ ṣe dúró lórí ohun tó dùn wọ́n. Wọn ò ní kí Amẹ́ríkà má wá afẹ́fẹ́ mímọ́; kọ́ńgò ni wọ́n nawọ́ sí.

Àwọn adájọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn náà mọ iṣẹ́. Ìgbìmọ̀ tó kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ ti ní òfin náà kò bá ìdáàbòbò afẹ́fẹ́ tan. Àwọn yìí yí i padà, wọ́n ní ó bá a tan. Ọwọ́ òsì tí wọ́n fi fa ọmọ mọ́ra nìyẹn. Ìgbà náà ni ọwọ́ ọ̀tún dé: ọ̀nà tí Amẹ́ríkà gbà lo òfin náà kò tọ́. Amẹ́ríkà ní ìdí tí òun fi ya kọ́ńgò wọn sọ́tọ̀ ni pé ó ṣòro láti yẹ ìwé ilé iṣẹ́ òkèèrè wò. Wọ́n rán an létí pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ ló ń yẹ̀ wò nínú ẹjọ́ ọjà tí àwọn ará òkèèrè ń tà ní pọ́ọ́kú. Ṣé ó sì ti bá ìjọba Fẹnẹsúẹ́là àti ti Bràsíl jókòó tó, kí wọ́n jọ wá ọ̀nà sí i? Kò tíì ṣe é. Ó ti ro ìnáwó tí yóò bá ilé iṣẹ́ tirẹ̀, kò ro ti àlejò. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ibẹ̀. Kò sí èébú kankan níbẹ̀, kò sì sí ibi tí ènìyàn lè gbà sá.

Nínú oṣù kẹjọ ọdún 1997, Amẹ́ríkà tún òfin náà ṣe: ilé iṣẹ́ òkèèrè tó bá ní àkọsílẹ̀ ọdún 1990, tó sì gbà kí àwọn ayẹ̀wéwò Amẹ́ríkà wọ ọgbà òun, lè gbé kọ́ńgò tirẹ̀ wá.