Ìpàkọ́ Ni Ojeikere Yà

Ẹni tó bá rìn nínú ọjà Balógun rí mọ̀ pé ẹ̀yìn la ti ń kọ́kọ́ rí èèyàn l'Ékòó. Èrò kì í dúró kọjú sí ni. Ìpàkọ́ ẹni iwájú là ń wò títí a ó fi yà. Ìpàkọ́ yẹn gan-an ni ayàfọ́tò J. D. 'Okhai Ojeikere sọ di iṣẹ́ ọnà.

Ọmọ Emai, nílẹ̀ Ẹdó, ni. Ọdún 1930 ni wọ́n bí i. Ní 1963, ó wá sí Èkó láti máa ya fọ́tò fún ilé iṣẹ́ ìpolówó ọjà. Láti 1968 ló ti ń ya irun obìnrin, lójú títì, níbi iṣẹ́, lóde ìnáwó. Nígbà tó fi kú ní 2014, fọ́tò irun nìkan ti ń lọ sí bí ẹgbẹ̀rún, dúdú òun funfun ni ọ̀pọ̀ jù lọ wọn.

Àwọn kan lè ní àrífín ni kí èèyàn ya obìnrin kó má ya ojú rẹ̀. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Bí ojú bá wà níbẹ̀, a ó máa bèèrè ọmọ ta ni, a ó máa jiyàn bóyá ó rẹwà. Ojú kúrò tán ni a tó rí bí wọ́n ṣe lanà sórí, bí òwú ṣe fún irun mọ́ra, ibi tí ọwọ́ ti yí i po.

Ẹ tún wo orúkọ àwọn irun náà. Ìpàkọ́-ẹlẹ́dẹ̀, kòrobá: agboolé ni àwọn wọ̀nyí ti wá, láàárín ẹran ọ̀sìn àti ohun èlò ilé. Ṣùgbọ́n Onílé-gogoro, tí Ojeikere yà ní 1975, àárín ìgboro ló ti wá. Ilé alájà 25 tí wọ́n fi sàmì òmìnira Nàìjíríà ti dúró lẹ́bàá pápá Race Course àtijọ́ l'Ékòó nígbà náà. Ilé gíga ti ń di ohun tí gbogbo ojú ń rí. Onídìrí kò yàwòrán ilé sórí bébà. Ó fi òwú dúdú wé irun di ọ̀pá-ọ̀pá, ó tẹ̀ ẹ́, ó so ó pọ̀, ilé dìde lórí èèyàn. Fún mi, èyí jẹ́ èsì tí obìnrin fún àwọn ayàwòrán ilé, ó sì ní ẹ̀fẹ̀ nínú: ilé tiwọn kò ṣeé tú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.

Ibi tí mo ti bá àwọn olùyìn Ojeikere jà nìyí. Nígbà tí àwọn fọ́tò irun rẹ̀ dé ilé àfihàn Fondation Cartier ní Paris ní 2000, tí wọ́n sì dé àfihàn Venice Biennale ní 2013, ère ni wọ́n ń fi wé. Ère kì í hù. Ère kì í ké "rọra!" láàárín itan onídìrí. Orúkọ irun wà lára fọ́tò, ti ayàfọ́tò wà níbẹ̀. Ti ẹni tó jókòó dìrí fún wákàtí gbọọrọ, ẹ ò ní í rí i.

Ẹni tó bá mú fọ́tò Onílé-gogoro lọ bá onídìrí lónìí pé irú èyí lòun fẹ́, kó múra sílẹ̀ fún ìbéèrè kan tí Ojeikere kò dáhùn: "Iwájú ẹ̀ ńkọ́?"