Ìkùnà Ta Ni? Àtúnyẹ̀wò Ìtàn Ẹfúnṣetán Aníwúrà

Òǹrorò tí òfò ọmọ bà lọ́kàn jẹ́ ni ọ̀pọ̀ òǹkàwé ka Ìyálóde Ẹfúnṣetán Aníwúrà sí. Eré onítàn tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá tẹ̀ jáde ní ọdún 1970 ni ó fìdí ìwòye yìí múlẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé, láti Apẹtẹ títí dé oríta Challenge níbi tí wọ́n gbé ère rẹ̀ sí, ẹni tí kò ka ìtàn Ìbàdàn rí pàápàá ti gbọ́ nípa ìkà rẹ̀. Ìbéèrè tí bébà yìí dá lé lórí ni pé: ṣé lóòótọ́ ni obìnrin yìí kò rí ẹ̀kọ́ kankan kọ́ nínú àdánù?

Nínú eré náà, kò kọ́ nǹkan kan. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo kú sórí ìkúnlẹ̀. Òun náà wá pàṣẹ pé ẹrúbìnrin tí ó bá lóyún nínú ilé òun, kíkú ni yóò kú. Adétutù lóyún, ó sì pa á. Gbogbo ohun tí ó tẹ̀ lé e, ẹ̀san ni, títí tí Ìyálóde fi fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé májèlé jẹ.

Samuel Johnson náà kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí ó jáde ní 1921 pé ikú ọmọ náà, ní 1860, ni ó yí ìwà Ẹfúnṣetán padà sí àwọn ẹrú aláboyún. Ṣùgbọ́n ẹ̀sùn mẹ́ta tí Ààrẹ Látòósà fi kàn án ní 1874 kò mẹ́nu ba aláboyún kankan: kò bá Ààrẹ lọ sójú ogun; kò fi nǹkan ránṣẹ́ sí i níbẹ̀; kò sì jáde lọ pàdé rẹ̀ lẹ́yìn odi nígbà tí ó dé.

Ẹ̀sùn kejì ni ó yẹ kí lámèyítọ́ dúró lé lórí. Bọ́lánlé Awẹ́ ti fi hàn pé Ẹfúnṣetán a máa ta ohun ìjà láwìn fún àwọn ológun, àti pé wọn kì í san gbèsè náà bí ó ti yẹ. Lójú tèmi, oníṣòwò tí àwìn ti jẹ lówó, tí ó wá káwọ́ kò, ẹ̀kọ́ ni ó kọ́. Ẹ̀kọ́ náà gan-an ni wọ́n sì sọ di ẹ̀ṣẹ̀ sí i lọ́rùn, nítorí ogun Ìbàdàn kò lè rìn bí ọlọ́jà bá kọ àwìn. (N kò wí pé ó ṣàánú ẹrú o. Ohun tí ó kọ́ nínú òwò, kò kọ́ irú rẹ̀ nínú ọ̀fọ̀.) Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Karùn-ún ni wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè, wọ́n sì fi Ìyápọ̀ rọ́pò rẹ̀; ní ọgbọ̀njọ́ oṣù Kẹfà, àwọn ẹrú rẹ̀ pa á, Kúmúyìlọ, ọmọ tí ó gbà tọ́, sì lọ́wọ́ nínú rẹ̀.

Májèlé tí Ìṣọ̀lá fi rọ́pò ìpànìyàn yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àrà orí ìtàgé lásán. Ó gba ikú náà lọ́wọ́ àwọn olóṣèlú, ó sì dá a padà sọ́wọ́ olóògbé, bí ẹni pé òun nìkan ni ó kùnà. Àwọn ajigbèsè bọ́ nínú ọ̀ràn náà pátápátá.

Síbẹ̀, eré náà ṣe ohun kan tí àkọsílẹ̀ Johnson kò ṣe. Níbi tí ìtàn ti sọ pé “ẹrú”, Ìṣọ̀lá fún un ní orúkọ: Adétutù.