Abẹ́ Awẹ́ Ni Kí Ẹ Wò

Bí òjò ìgbà òtútù bá rọ̀ dáadáa ní Kalifọ́níà, tó bá fi máa di oṣù Ẹrẹ́nà, àwọn òkè gbígbẹ tó wà ní ìwọ̀-oòrùn ìlú Lancaster, létí aṣálẹ̀ Mojave, á ti gba àwọ̀ ọsàn látòkè délẹ̀. Òdòdó pọ́pì ló yọ bẹ́ẹ̀. Èrò á máa wọ́ lọ síbẹ̀ láti ya fọ́tò. Èmi náà kì í gbẹ́yìn, àmọ́ orí ìkúnlẹ̀ ni wọ́n máa ń bá mi, létí ọ̀nà ẹsẹ̀, tí mo ń fi awò kékeré yẹ ìdí òdòdó kan wò. Kò sí iṣẹ́ tó dùn mọ́ mi tó kí n mọ òdòdó kan yàtọ̀ sí ìbátan rẹ̀ tó jọ ọ́.

Àwọ̀ ló kọ́kọ́ ń pe ojú, òun náà ló sì ń tan ojú jẹ. Ẹ wo pọ́pì tí wọ́n ń pè ní Eschscholzia californica, tí ìpínlẹ̀ Kalifọ́níà sọ di òdòdó tirẹ̀ ní ọdún 1903. Létí òkun, ó sábà máa ń pupa rúsúrúsú, tó jẹ́ pé ìdí awẹ́ rẹ̀ nìkan ló ní àwọ̀ ọsàn. Bó bá wọnú ilẹ̀ lọ, gbogbo ara rẹ̀ lè di àwọ̀ ọsàn. Òdòdó tó kọ́kọ́ yọ lára ewéko kan lè fẹ̀ dáadáa. Èyí tó tún yọ lára ewéko yẹn kan náà nígbà tí ilẹ̀ bá ti gbẹ á kéré, àwọ̀ rẹ̀ á sì ti ṣá.

Onímọ̀ ewéko ni Edward Lee Greene, ó sì mọ ewéko Kalifọ́níà dénú. Síbẹ̀, nígbà tó tẹ ìwádìí rẹ̀ lórí ìdílé pọ́pì yìí jáde ní ọdún 1905, ẹ̀yà tó lé ní 100 ló pín in sí. Lónìí, bíi 12 ni àwọn onímọ̀ ewéko ń kà. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ orúkọ tí Greene sọ wọ́n ti padà sábẹ́ E. californica. Kì í ṣe pé ọkùnrin náà kò ríran o. Ìyàtọ̀ tó rí wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òjò, ilẹ̀ àti àsìkò ló bí púpọ̀ nínú wọn, àwọn mìíràn sì ń yọ́ wọnú ara wọn láìní ààlà. Rírí ìyàtọ̀ kò le. Mímọ èyí tó ṣeé gbára lé nínú wọn ni iṣẹ́.

Èyí tó ṣeé gbára lé kò sí lójú òdòdó. Kí pọ́pì tó là, ìbòrí kan tó ṣóńṣó ló máa ń bò ó. Bí awẹ́ bá ti ń dàgbà, wọ́n á ti ìbòrí náà bọ́ sílẹ̀. Ibi tí ìbòrí yẹn jókòó sí lórí ọ̀pá ni kí ẹ wò. Lára E. californica, ibẹ̀ ní etí kan tó yọ síta yíká, tó sì sábà máa ń pọ́n díẹ̀. Bí awẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá tiẹ̀ já dànù, etí náà á ṣì wà lábẹ́ èso. E. caespitosa, tó ń hù lẹ́sẹ̀ òkè, lè ní àwọ̀ kan náà, ṣùgbọ́n kò ní etí tó yọ síta bẹ́ẹ̀. Bí àwọn àgbà ṣe ń fi àbàjà àti pélé mọ ibi tí èèyàn ti wá ni etí yìí rí sí mi, àfi pé abẹ́ ni òdòdó fi ilà tirẹ̀ pamọ́ sí.

Nínú aṣálẹ̀ gan-an, ìbéèrè yí padà, nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwọn pọ́pì ibẹ̀ kò ní etí yẹn. Ewé ni mo máa ń wò níbẹ̀. Gbogbo ewé E. glyptosperma ló kóra jọ sídìí, tí ọ̀pá òdòdó rẹ̀ á wà ní ìhòòhò. Hóró rẹ̀ sì ní ihò wẹ́wẹ́ lára. Ewé E. minutiflora ń gun ọ̀pá lọ, òdòdó rẹ̀ sì sábà máa ń kéré. Ṣùgbọ́n inú E. minutiflora yìí náà pín: krómósómù 12 ni àwọn kan ní, àwọn kan ní 24, àwọn mìíràn ní 36. Awò ọwọ́ mi kò lè ka ìyẹn, ó sì yẹ kí oníṣẹ́ mọ ibi tí awò rẹ̀ mọ.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìdí tí àwọ̀ fi ń tanni, ẹ lọ bá àwọn òdòdó mìíràn tí wọ́n ń pè ní Penstemon. P. centranthifolius àti P. eatonii pupa fòò, àwọn méjèèjì sì rí tóóró, torí pé ẹyẹ hummingbird ló ń gbé àtíkè àwọn méjèèjì kiri. Ohun tí ẹyẹ ń fẹ́ ni wọ́n wọ̀ sọ́rùn. Ewé kò ní ẹyẹ kankan tó ń pè: ti P. centranthifolius ní ìda fẹ́lẹ́ tó sọ ọ́ di aláwọ̀ eérú, ti P. eatonii sì tutù yọ̀yọ̀. Bí iyè méjì bá ṣì wà, ẹ wo àpò àtíkè. Ti àkọ́kọ́ á là, á tẹ́ pẹrẹsẹ. Ti èkejì kì í là tán.

Síbẹ̀, igi kan kì í dá igbó ṣe. Lọ́dún ọ̀dá, pọ́pì lè máà ga ju ìka lọ, etí rẹ̀ á sì tín-ín-rín. Nítorí náà, mo máa ń wo aládùúgbò rẹ̀, mo máa ń wá èyí tó ti so, mo sì máa ń kọ irú ilẹ̀ tó hù sí sílẹ̀. N kì í já òdòdó. Òfin ọgbà ìjọba kò gbà á, awò kò sì nílò rẹ̀.

Ẹnikẹ́ni tó bá bi mí pé kí ni gbogbo wàhálà yìí wà fún, E. rhombipetala ni mo fi ń dá a lóhùn. Pọ́pì kékeré yìí ni wọ́n ti rò pé ó ti run pátápátá, kí wọ́n tó tún rí i láàárín àwọn ọdún 1990, lára ibi tí wọ́n sì ti rí i ni pẹ̀tẹ́lẹ̀ Carrizo. Ẹni tó bá gbà pé pọ́pì kan náà ni gbogbo pọ́pì á rìn kọjá lára rẹ̀, á sì máa ròyìn nílé pé kò sí i mọ́.