Àwọn Tó Ń Kọ́ Ènìyàn Kíkà ní Ìlọrin

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí ẹ̀kọ́ ìwádìí oníṣirò ti le, kó má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti inú kọ̀ǹpútà. Kó bá akẹ́kọ̀ọ́ másítà kan wọ agbo ilé ní Pàkátà, kó sì wo bí yóò ṣe bi ìyá tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ léèrè pé ọmọ mélòó ló bí. Ìyá yóò rẹ́rìn-ín. "Ìwọ ọmọ yìí, a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Alhamdulillahi, Ọlọ́run ṣe é." Bí akẹ́kọ̀ọ́ náà kò bá tíì gba ẹ̀kọ́ dáadáa, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀ nìyẹn. Yóò fi àyè náà sílẹ̀ láìkọ nǹkan kan, tàbí kó fojú wọn àwọn ọmọ tó ń sáré kiri àgbàlá, kó sì kọ ohun tó bá wù ú.

Ẹni tó ti kọ́ ọ kò ní bèèrè bẹ́ẹ̀. "Ìyá, ẹ kú ìsinmi o. Ǹjẹ́ ẹ ní ọmọkùnrin tó ń gbé lọ́dọ̀ yín? Mélòó ni wọ́n? Ọmọbìnrin ńkọ́? Àwọn tó wà ní Èkó, àwọn tó ti lọ sílé ọkọ?" Nígbà tí ara ìyá bá ti balẹ̀ ni yóò wá fi ohùn jẹ́jẹ́ bèèrè àwọn tí Ọlọ́run gbà, ọkùnrin lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀. Nọ́ńbà mẹ́fà ló kọ sílẹ̀ yẹn. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò ro wọ́n pọ̀, tí yóò sì bi ìyá bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí. Bí ìwé ìbéèrè Demographic and Health Survey, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ìwádìí ń pè ní DHS, ṣe tò ó nìyẹn láti ọdún pípẹ́, ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ kò sì ṣàjèjì sí ẹni tí wọ́n bá tọ́ sílé Yorùbá. Èèwọ̀ ni kéèyàn fi ìbéèrè kan gbá gbogbo ọmọ ọlọ́mọ jọ. Bíbéèrè àlàáfíà wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kì í ṣe èèwọ̀.

Èmi fẹ́ràn ẹ̀kọ́ yìí nítorí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé àwọn tí kò lè kọ̀wé tó dùn ló ń sá sídìí nọ́ńbà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Yunifásítì Ìlọrin, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1975 gẹ́gẹ́ bí kọ́lẹ́ẹ̀jì abẹ́ Yunifásítì Ìbàdàn kó tó dá dúró ní 1977, àwọn tó ń kọ́ ìmọ̀ ọrọ̀ ajé, ìṣèlú, àwùjọ ẹ̀dá àti jọ́gíráfì fún oyè másítà àti oyè ọ̀mọ̀wé ní láti la inú ẹ̀kọ́ ọ̀nà ìwádìí kọjá kí wọ́n tó lọ sí pápá. Ọ̀pọ̀ wọn a máa kùn sí i. Wọ́n ní ìfẹ́ ọ̀rọ̀ ènìyàn ló gbé àwọn wá, kì í ṣe máàtì. Kì í pẹ́ tí wọ́n fi ń rí i pé ọ̀rọ̀ ènìyàn gan-an ló fi wọ́n lé ọwọ́ máàtì.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ìdílé. Nínú ìwádìí ńlá, wọn a máa pín ìlú sí àwọn ẹkùn kéékèèké, wọn a mú díẹ̀ nínú wọn, wọn a sì ṣa nǹkan bí ìdílé 30 yọ nínú ẹkùn kọ̀ọ̀kan. Ó rọrùn bí ẹ bá wà ní GRA, níbi tí ilé kan ti ní géètì kan àti bàbá kan. Àmọ́ kí ni ìdílé nínú agbo ilé Ìlọrin tí ọmọ baba kan náà kún, tí ìyàwó mẹ́ta ń dáná níbi mẹ́ta, tí ìyá àgbà ń jẹun lọ́dọ̀ àkọ́bí lọ́sàn-án, tó sì ń jẹ lọ́dọ̀ àbígbẹ̀yìn lálẹ́? Ohun tí ìwé ìlànà sọ ni pé ìdílé ni àwọn tó ń gbé pọ̀, tí wọ́n jọ ń dáná, tí wọ́n jọ ń jẹ, tí wọ́n sì gba ẹnì kan ní olórí. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ka gbogbo agbo ilé náà sí ìdílé kan, ìdílé tó gbé wálé yóò ní ogójì èèyàn. Bó bá tẹ̀ lé iná ìdáná, ó lè di ìdílé mẹ́jọ. Ìdáhùn sí ìbéèrè nípa òṣì àti ọrọ̀ yóò yí padà pátápátá, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì ṣí kọ̀ǹpútà. Ibí yìí ni mo rò pé Ìlọrin fi dára fún irú ẹ̀kọ́ yìí ju ọ̀pọ̀ ìlú tó ní ẹ̀rọ tó pọ̀ jù ú lọ. Ìlú náà kì í jẹ́ kí ìwé ìlànà sùn.

Ọjọ́ orí náà ń kọ́ni lọ́gbọ́n. Nínú ètò ìkànìyàn Nàìjíríà, ọdún tó parí sí òdo tàbí àrún ló máa ń pọ̀ jù: ogójì, àádọ́ta, ọgọ́ta. Kì í ṣe pé àwọn àgbà ń purọ́. Ẹni tí wọn kò kọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ sílẹ̀ yóò mú nọ́ńbà tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ iṣẹ́ a máa gbé kàlẹ́ńdà ìṣẹ̀lẹ̀ dání: ọdún tí Emir Sulu Gambari gorí oyè, 1959, ọdún tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Kwara sílẹ̀, 1967, ọdún tí ọkọ̀ kúrò lápá òsì bọ́ sápá ọ̀tún, 1972, ọdún tí pọ́n-ùn di náírà, 1973. "Bàbá, ṣé ẹ ti gbéyàwó nígbà tí náírà dé?" Bàbá yóò sọ̀tàn, akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa yọ ọdún kúrò nínú ọdún, inú àwọn méjèèjì yóò sì dùn.

Bí ẹ bá gba àríwá ìpínlẹ̀ náà lọ, sí Pátégi tàbí Bàrùtẹ́n, ó tún ku ìtumọ̀: Núpé níbì kan, Bàtọ̀nú níbòmíì. Wọ́n ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti túmọ̀ ìbéèrè lọ, kí ẹlòmíì tí kò rí ti àkọ́kọ́ sì túmọ̀ rẹ̀ padà, kí wọ́n lè mọ ohun tó sọnù sọ́nà.

Ohun kan wà tí mi ò lè yìn. Bí ẹ bá ka àpilẹ̀kọ oyè ní Nàìjíríà, ní Orí Kẹta rẹ̀ ni ẹ ó ti pàdé ìlànà Taro Yamane, láti inú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1967, tí wọ́n fi ń ṣírò iye èèyàn tó yẹ kí wọ́n bi léèrè, bí ẹni pé òfin ìjọba ni. Ẹ fi iye èèyàn Kwara ní 2006 sínú rẹ̀, 2,365,353, kí ẹ gba àṣìṣe ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún láàyè, yóò fún yín ní 400. Ẹ fi gbogbo Nàìjíríà sínú rẹ̀, 400 náà ni. Olùkọ́ tó dáńtọ́ yóò bèèrè pé: báwo lo ṣe rí àwọn 400 náà? Ṣé ẹni tó bá ọ pàdé ní Ọjà Ọba lo fún ní ìwé? Ìlànà náà gbà pé orúkọ gbogbo ènìyàn wà nínú àpò kan tí èèyàn lè tọwọ́ bọ̀, àpò yẹn kò sì sí. Ẹ tún lọ sí Tánkẹ́, ní ojú ọ̀nà yunifásítì, ẹ ó gbọ́ ẹni tó ń sọ fún ọlọ́jà kọ̀ǹpútà pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣe Chapter Four mi." SPSS, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣe ní 1968 fún àwọn onímọ̀ àwùjọ kí wọ́n lè fọwọ́ ara wọn ṣe ìṣirò wọn, ti wá di ohun tí à ń sanwó fún ẹlòmíì láti tẹ̀.

Ìdí nìyí tó fi wù mí láti máa wo àwọn tó jókòó ti dátà DHS ti 2018, tí wọ́n bi obìnrin 41,821 léèrè ọ̀rọ̀ káàkiri Nàìjíríà. Wọ́n gbé dátà náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀, tó sì sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Nínú rẹ̀ ni òpó kan wà tí wọ́n ń pè ní v005, ìwọ̀n tí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbé. Iye obìnrin tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan kò bá iye èèyàn tó wà níbẹ̀ dọ́gba, torí wọ́n fẹ́ kí ìpínlẹ̀ kékeré náà ní ohùn tó tó gbọ́. Nítorí náà, bí ẹ bá kàn ro gbogbo wọn pọ̀, ohùn Kwara yóò tóbi ju ara Kwara lọ, ti Kánò yóò sì kéré. Wọ́n á fi mílíọ̀nù kan pín v005, wọ́n á fi í wọn ìdáhùn kọ̀ọ̀kan bí alátẹ ṣe ń fi kóńgò wọn gàrí, ìdá àwọn obìnrin tó lọ sílé ìwé yóò sì yí padà lójú wọn. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó pariwo nígbà tó kọ́kọ́ ṣe é.

Irú iṣẹ́ yìí ti so èso rí nítòsí wa. Ìwádìí tí wọ́n ṣe láàárín àwọn obìnrin Yorùbá ní Ìbàdàn ní 1973 ni John Caldwell, ọmọ Ọsirélíà, fi kọ àpilẹ̀kọ rẹ̀ ti 1979, níbi tó ti fi hàn pé ọmọ ìyá tó kàwé kì í tètè kú bíi ti ìyá tí kò kàwé, kódà bí a bá yọ iṣẹ́ ọkọ àti ibi tí wọ́n ń gbé kúrò nínú ọ̀rọ̀. Gbogbo ayé ló gbọ́ ọ. Mo máa ń fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé ẹnu àwọn ìyá àgbà wa lọ̀rọ̀ náà ti jáde. Lónìí, kò pọn dandan kí dátà kọ́kọ́ lọ sí Canberra ní Ọsirélíà. Yunifásítì Ìbàdàn wà nínú ètò oyè ọ̀mọ̀wé tí àjọ AERC, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Nairobi ní 1988, ń ṣe fún àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé, Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ sì ní ibùdó tí àwọn onísìtátísíìkì ti ń gba ẹni tó bá gbé ìwádìí rẹ̀ wá nímọ̀ràn.

Iṣẹ́ tó le jù kò tíì kúrò nílẹ̀ ṣá. Ẹkùn ìkànìyàn 2006 ni DHS ti 2018 ṣì gbára lé, ilé tó wà ní ọ̀nà Tánkẹ́ nígbà náà kò sì jọ èyí tó wà níbẹ̀ lónìí. Ìjọba sún ìkànìyàn tó yẹ kó wáyé ní 2023 síwájú. Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ Ìlọrin tó bá fẹ́ ṣa ìdílé 30 yọ ní ẹkùn kan ní láti kọ́kọ́ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn ín já, kó fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sí ara ilé kọ̀ọ̀kan, kó bèèrè iye ìkòkò tó ń gorí iná níbẹ̀, kó tó wá mú ẹyọ kan.