Akọni Tí Kò Mọ Oríkì Rẹ̀: Ìwé Aláwòrán Iyanu àti Ilẹ̀kùn Ààfin Ìkẹ́rẹ́

Ìfáárà

Ọdún 2021 ni ilé-iṣẹ́ Dark Horse ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé ìtàn aláwòrán Iyanu: Child of Wonder jáde ní ìdìpọ̀-ìdìpọ̀. Roye Okupe, ọmọ Nàìjíríà tí ó dá YouNeek Studios sílẹ̀, ni ó kọ ọ́. Godwin Akpan ni ó ya àwòrán inú rẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, ìtàn náà di àwòrán alárìnká lórí Cartoon Network. Ilẹ̀ Yorùbá kan tí òǹkọ̀wé fi ọkàn dá ni ìṣẹ̀lẹ̀ inú rẹ̀ ti wáyé. Ọmọbìnrin aláìlóbìí kan tí kò rántí ibi tí ó ti wá ṣàdédé rí i pé agbára kan wà lára òun, tí ó jọ ti àwọn ẹni àtijọ́ inú ìtàn ìran rẹ̀. Àwọn ẹranko tí ègún ti bà jẹ́ ń dojú ìjà kọ ọmọ ènìyàn, ọwọ́ ọmọbìnrin yìí sì ni a ń wò pé ìgbà ìyanu yóò ti padà wá.

Ó rọrùn láti yin irú ìwé bẹ́ẹ̀ nítorí pé ọmọ Yorùbá ti di akọni lójú ayé. Ó rọrùn bákan náà láti bu ẹnu àtẹ́ lù ú pé akọni òkè òkun ni a wọ aṣọ òfì fún. Nínú méjèèjì, kò sí èyí tí ó ràn wá lọ́wọ́ láti ka ìwé náà. Ohun tí a fẹ́ sọ níhìn-ín ni pé ibi ọ̀rọ̀ orúkọ ni ìtàn akọni abàmì ti òkè òkun àti ìtàn akọni Yorùbá ti pínyà. Pé ètò ìtàn Iyanu wá ojútùú gidi sí ìyàtọ̀ náà. Àti pé èdè tí a fi kọ ọ́ ni kò jẹ́ kí ojútùú náà kẹ́sẹ járí tán. Láti fi ìdí èyí múlẹ̀, a ó gbé ìwé náà sí ẹ̀gbẹ́ iṣẹ́ àwòrán kan tí ó ti pẹ́ jù ú lọ, èyíinì ni ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì.

Orúkọ tí a fi pamọ́ àti orúkọ tí a ń kì

Ọdún 1938 ni Superman kọ́kọ́ jáde nínú Action Comics. Orúkọ méjì ni ó ń jẹ́: Clark Kent ni lẹ́nu iṣẹ́ ìwé ìròyìn, Superman ni nígbà tí ó bá ń fò lójú ọ̀run. Ìtàn rẹ̀ dúró lórí pé kí ẹnikẹ́ni má so orúkọ méjèèjì pọ̀. Àwọn tí ó tẹ̀ lé e, bíi Batman ní 1939 àti Spider-Man ní 1962, fi ìbòjú kún un. Àṣírí orúkọ yìí wúlò púpọ̀ fún òǹtẹ̀wé. Bí ìjà bá tilẹ̀ parí nínú ẹ̀dà kan, ìbẹ̀rù pé àṣírí lè tú kò parí, òun ni ó sì ń mú kí òǹkàwé padà wá ra ẹ̀dà tí ó kàn.

Ọdún 1938 kan náà ni Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti D. O. Fágúnwà jáde. Àkàrà-ògùn kò jẹ́ kí ìtàn rìn jìnnà kí ó tó sọ orúkọ ara rẹ̀, iṣẹ́ bàbá rẹ̀ àti irú ènìyàn tí ìyá rẹ̀ jẹ́. Nígbà tí àwọn ọdẹ kóra jọ láti lọ sí Òkè Láńgbòdó, a bá Kàkò, Ìmọ̀dóyè, Olóhùn-iyọ̀ àti Ẹlégbèdè-Ọdẹ pàdé, oníkálùkù pẹ̀lú àrà tirẹ̀. Òǹkàwé kọ́míìkì òde òní yóò rí ẹgbẹ́ akọni abàmì nínú wọn láìpẹ́ rárá. Ṣùgbọ́n orúkọ wọn gan-an ni ó ń kéde agbára wọn. Akọni Yorùbá kì í fi orúkọ pamọ́. Ń ṣe ni ó ń kó orúkọ jọ, tí àwọn ènìyàn sì ń fi oríkì kún un.

Ẹnìkan lè ní àwa náà ní ìbòjú, nítorí pé a ní egúngún, a sì ní ère Èpà tí àwọn ará Èkìtì ń gbé jó. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n eku bo ojú ẹni, kò bo ìran. Àwọn tí ó dúró ní ẹ̀bá agbo mọ oríkì tí ó yẹ kí wọ́n kì fún ohun tí ń bọ̀, bí wọn kò tilẹ̀ gbọdọ̀ dárúkọ ẹni tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Ìbòjú Batman ń gé akọni kúrò lára ìdílé rẹ̀. Eku ń so ẹni tí ó wọ̀ ọ́ mọ́ ìdílé.

Ìtàn alátẹ̀léra tí ó dúró lórí orúkọ àbòsórí kò sì ṣàjèjì sí èdè wa. Láti 1929 sí 1930 ni I. B. Thomas ń tẹ ìtàn Ṣẹ̀gilọlá jáde díẹ̀díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó, tí àwọn òǹkàwé sì gbà pé obìnrin náà wà láàyè ní tòótọ́. Ìtìjú ni ó mú obìnrin náà fi orúkọ yìí bo ara rẹ̀, kì í ṣe iṣẹ́ akọni. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì: lọ́dọ̀ wa, ẹni tí orúkọ rẹ̀ pamọ́ ní ìdí kan tí ó bani nínú jẹ́.

Àwòrán tí kò ní ọ̀rọ̀: ilẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́

Kọ́míìkì jẹ́ ìtàn tí a pín sí ojú àwòrán kéékèèké, tí ojú sì ń ti ọ̀kan bọ́ sí èkejì. Ọlọ́wẹ̀ ṣe irú iṣẹ́ yìí lára pákó. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni a ti bí i, ṣùgbọ́n Ìsẹ̀ ni ó gbé, níbi tí ó ti ṣiṣẹ́ fún Arínjalẹ̀ kí òkìkí rẹ̀ tó kàn dé àwọn ààfin mìíràn. Láàrin nǹkan bí 1910 sí 1914 ni ó gbẹ́ àwọn òpó àti ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà. A pín ojú ilẹ̀kùn náà sí ìpele-ìpele, àwọn ère sì yọ síta gan-an kúrò lára pákó. Ní apá kan, Ògògà jókòó pẹ̀lú adé lórí, ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ní apá kejì, Captain Ambrose, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, há sínú àga tí àwọn ènìyàn gbé rù. Kò sí àpò ọ̀rọ̀ lókè orí ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ ẹni tí ó bá ti Ìkẹ́rẹ́ wá kò nílò kí a sọ fún un ta ni ọba, ta ni àlejò. Adé, ìjókòó àti àwọn tí ó yí ènìyàn ká ni ó ń dárúkọ rẹ̀.

Òpó kan láti ààfin yìí, tí ó wà ní Art Institute of Chicago báyìí, fi èyí hàn gedegbe. Ìyàwó àgbà dúró lẹ́yìn ọba tí ó jókòó, ó sì ga ju ọba lọ fíìfíì. Ọlọ́wẹ̀ kò fi agbára sí ara ẹnì kan ṣoṣo. Ẹni tí ó dúró lẹ́yìn akọni wà lára agbára akọni.

Ní 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí àfihàn ilẹ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì ní Wembley. British Museum fẹ́ rà á, ṣùgbọ́n Ògògà kò tà á. Pàṣípààrọ̀ ni ó gbà, tí wọ́n fi ìtẹ́ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe rọ́pò rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ilẹ̀kùn ti wà ní London, láàrin àwọn tí kò lè fi ojú lásán mọ ẹni tí ó wà lára rẹ̀. Oríkì Ọlọ́wẹ̀ fúnra rẹ̀ kò bá ilẹ̀kùn lọ. Ẹnu ni ó wà, títí di 1988 tí ọ̀kan nínú àwọn opó rẹ̀ fi kì í fún John Pemberton III, onímọ̀ iṣẹ́ ọnà Yorùbá, ní àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ikú Ọlọ́wẹ̀ ní nǹkan bí 1938. Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ nínú èyí ni pé àwòrán lè rìnrìn àjò, ṣùgbọ́n bí ẹni tí ń kì í kò bá bá a lọ, ìdajì rẹ̀ ni ó dé ibi tí ó ń lọ.

Ohun tí Iyanu ṣe dáadáa

Pẹ̀lú èyí lọ́kàn, ẹ jẹ́ kí a padà sí ọmọbìnrin aláìlóbìí náà. Kò dà bí Clark Kent, nítorí pé kò fi orúkọ kankan pamọ́. Kò sì dà bí Àkàrà-ògùn, nítorí pé kò lè dárúkọ bàbá àti ìyá rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ pamọ́ fún òun fúnra rẹ̀. Láwùjọ Yorùbá, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣeé kí, ṣùgbọ́n kò ṣeé kì. A lè pe orúkọ tí ó ń jẹ́, a kò lè kì í ní oríkì orílẹ̀, nítorí pé a kò mọ orílẹ̀ tí ó ti ṣẹ̀ wá.

Ibí ni ọgbọ́n òǹkọ̀wé wà. Àṣírí tí ìtàn akọni abàmì fi ń fa òǹkàwé mọ́ra kò kúrò, ṣùgbọ́n ó ti yí ìtumọ̀ padà. Nínú Superman, ìbéèrè ni pé, ṣé wọn kò ní mọ̀ ọ́n? Nínú Iyanu, ìbéèrè ni pé, ọmọ ta ni? Ẹni tí ń retí ìdìpọ̀ tí ó kàn kò retí ìjà nìkan. Oríkì ni ó ń retí, bí kò tilẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀. A rí bí èyí ti jìnnà tó bí a bá fi wé E.X.O., iṣẹ́ tí Okupe gbé jáde ní 2015. Níbẹ̀, Wale Williams mọ bàbá rẹ̀. Aṣọ agbára ni bàbá fi sílẹ̀ fún un. Ogún tí ó jẹ́ ohun èlò ni ó gbà. Ogún tí Iyanu ń wá ni ìtàn.

Kò dá rìn, bákan náà. Olori, obìnrin tí ó tọ́ ọ, wà lẹ́yìn rẹ̀. Biyi àti Toye ń bá a rìn. Ẹni tí ó bá ti wo òpó Ìkẹ́rẹ́ yóò mọ irú ètò yìí. Síbẹ̀, ibì kan ṣì kù. Ọba ni ó rán àwọn ọdẹ Fágúnwà, wọ́n sì padà wá jẹ́ iṣẹ́ fún un. Agbára inú ara ọmọ yìí ni ó kọ́kọ́ gbé e dìde. Akọni tí agbára yàn yàtọ̀ sí akọni tí ìlú rán, ìtàn náà kò sì tíì pinnu èyí tí ó fẹ́ kí ó jẹ́.

Ibi tí èdè ti já a kulẹ̀

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi tẹ ìwé náà, àwọn orúkọ Yorùbá inú rẹ̀ kò sì ní àmì ohùn. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àkọtọ́ lásán. Ẹ wo obìnrin tí ó tọ́ ọmọ yìí. Ṣé olórí ni, ẹni tí ó ń ṣe aṣáájú, tàbí olorì, aya ọba? Nínú ìtàn tí gbogbo rẹ̀ dá lórí ẹni tí ènìyàn jẹ́, ìyàtọ̀ ohùn yìí lè sọ fún òǹkàwé bí obìnrin náà ṣe tan mọ́ ààfin. Elu, orúkọ ìlú ńlá inú ìtàn, ńkọ́? Ṣé èlú tí a fi ń pa aró ni kí a rò tàbí ohun mìíràn? Ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá gan-an ni yóò dúró síbi tí ẹni tí kò gbọ́ ọ yóò kàn kọjá. Ilẹ̀kùn Ọlọ́wẹ̀ kò ní ààyè fún ọ̀rọ̀. Kọ́míìkì ní in. Àpò ọ̀rọ̀ wà lókè orí olúkúlùkù, níbi tí a ti lè kì í.

A lè dáhùn pé ọjà àgbáyé ni òǹkọ̀wé ń wò, àti pé àǹfààní ni pé ọmọdé ní ìlú òkèèrè ń pe Ìyanu lẹ́nu. A gbà bẹ́ẹ̀. Ó sì sàn ju ohun tí a ti rí tẹ́lẹ̀ lọ. Ní 1975, London ni wọ́n ti ṣe Powerman, akọni abàmì tí wọ́n ń tà ní Nàìjíríà; Dave Gibbons àti Brian Bolland, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì méjèèjì, ni wọ́n ń ya á. Oró ejò nìkan ni ó ń ṣẹ́gun rẹ̀. Èèwọ̀ lè jọ èyí, ṣùgbọ́n èèwọ̀ máa ń ní ìdílé tí ó ni ín àti ìtàn tí ó bí i. Ti Powerman kò ní ìkankan. Okupe kò ṣe irú èyí.

Ṣùgbọ́n pé ọjà kò gba Yorùbá kì í ṣe òótọ́ tí ó dúró láéláé. Láti 1967 títí dé 1991, Atọ́ka ń gbé eré àwọn òṣèré alárìnjó jáde ní fọ́tò, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Yorùbá lẹ́nu wọn, láti ẹ̀dà dé ẹ̀dà. Àwọn ènìyàn rà á, wọ́n kà á, wọ́n sì retí èyí tí ó kàn.

Àgúnlẹ̀

Ìdájọ́ wa ni pé Iyanu yẹ lẹ́ni tí ẹ̀kọ́ Yorùbá ń gbà wọlé, kì í ṣe nítorí aṣọ àti orúkọ inú rẹ̀, bí kò ṣe nítorí pé ó sọ àṣírí akọni abàmì di ìwákiri oríkì. Bí a bá gbà bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ kan kù tí kì í ṣe ti Okupe nìkan. Àwọn tí ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ Yorùbá ní Yunifásítì Bámidélé Olúmilúà ní Ìkẹ́rẹ́ ń gbé inú ìlú tí ilẹ̀kùn náà ti kúrò. Kí irú wọn mú orí kan péré nínú ìwé yìí, kí wọ́n túmọ̀ àwọn àpò ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá tòun ti àmì ohùn, kí wọ́n sì dá a dúró lórí orúkọ kọ̀ọ̀kan títí tí wọn yóò fi mọ ohun tí ó ń sọ. Níbi tí orúkọ kò bá ti sọ nǹkan kan, a ó mọ̀ pé ìtàn náà ṣì jẹ wá ní gbèsè níbẹ̀. Ìdìpọ̀ kan ń bọ̀ tí yóò sọ ọmọ ẹni tí ọmọbìnrin yìí í ṣe. Ní ọjọ́ náà, ó yẹ kí ẹnìkan wà nínú ìtàn tí yóò lè kì í.