Ẹ̀jẹ̀, Ìjayà àti Ẹ̀rù: Àgbéyẹ̀wò Àkọ́ṣe àti Àtúnṣe Fíìmù Adẹ́rùbani Mẹ́rin

Àṣamọ̀

Èrò tó wọ́pọ̀ láàrin àwọn òǹwòran ni pé fíìmù adẹ́rùbani tí a tún ṣe máa ń ní ẹ̀jẹ̀ ju àkọ́ṣe rẹ̀ lọ, àti pé ẹ̀jẹ̀ àpọ̀jù yìí ló ń ba àtúnṣe jẹ́. Iṣẹ́ yìí gbé èrò náà yẹ̀wò nípa fífi àkọ́ṣe àti àtúnṣe fíìmù Amẹ́ríkà mẹ́rin wé ara wọn: Psycho, The Texas Chain Saw Massacre, Night of the Living Dead àti The Thing. Ohun tó jẹyọ ni pé apá kìn-ín-ní èrò náà kì í fìgbà gbogbo jẹ́ òótọ́, apá kejì kò sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Kì í ṣe bí ẹ̀jẹ̀ ṣe pọ̀ tó ni òṣùwọ̀n fíìmù adẹ́rùbani, bí kò ṣe iṣẹ́ tí a rán ẹ̀jẹ̀ náà nínú ìtàn.

Ìfáàrà

Títún fíìmù ṣe kì í ṣe ohun tuntun ní Hollywood, ṣùgbọ́n láàrin 2003 sí 2013 ni ọ̀wọ́ àtúnṣe fíìmù adẹ́rùbani ya lu àwọn òǹwòran bí omíyalé. The Texas Chainsaw Massacre jáde lákọ̀tun ní 2003, Dawn of the Dead ní 2004, The Hills Have Eyes ní 2006, Halloween ní 2007, Friday the 13th ní 2009, A Nightmare on Elm Street ní 2010, Evil Dead sì tẹ̀ lé wọn ní 2013. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti ń jáde ni ẹjọ́ kan náà ń wáyé: àwọn àgbà òǹwòran a ní àkọ́ṣe ló dẹ́rù bani jù, pé ẹ̀jẹ̀ lásán ló kún inú àtúnṣe.

Ẹjọ́ yìí yẹ ní yíyẹ̀wò, nítorí pé ọ̀nà tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gbà dájọ́ fíìmù kò jìnnà sí ọ̀nà tí yóò gbà dájọ́ ìtàn àròsọ àti eré-oníṣe. Ẹni tó bá gbà pé ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ jẹ́ àbùkù nínú fíìmù, tí kò sì lè sọ ìdí rẹ̀, kò tíì ṣe lámèyítọ́. Ohun tó wù ú àti ohun tí kò wù ú ló ń sọ.

Ẹ̀rù, Ìjayà àti Ìríra

Èdè Yorùbá ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó lè la ọ̀nà fún àgbéyẹ̀wò yìí. Àkọ́kọ́ ni ẹ̀rù. Iwájú ni ẹ̀rù máa ń kọjú sí. Ohun tí kò tíì dé ni à ń bẹ̀rù. Èkejì ni ìjayà, èyí tó jẹ́ ti ojú-ẹsẹ̀: ohun tí a kò retí yọ lójijì, àyà sì já. Ìjayà kì í pẹ́ nílẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ìríra, èyí tó nílò ojú tó ń wo nǹkan ní kedere, bí ojú ṣe ń rí ọgbẹ́ tó yánu tí ara sì ń bù máṣọ.

Ẹ̀jẹ̀ lójú agbo fíìmù máa ń bí ìríra láìsí làálàá, ó sì lè bí ìjayà bó bá yọ lójijì. Ṣùgbọ́n kò lè dá bí ẹ̀rù, nítorí ohun tí ojú ti rí tán kì í ṣe ohun tí à ń retí mọ́. Ohun tó lè ṣe ni kí ó kọ́ òǹwòran ní irú ohun tó yẹ kó máa bẹ̀rù láti ìsinsìnyí lọ. Ìyàtọ̀ yìí ni a ó fi wọn fíìmù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Psycho: Ìjayà Tí Kò Ṣe É Tún Ṣe

Alfred Hitchcock gbé Psycho jáde ní 1960 láti inú ìwé ìtàn àròsọ tí Robert Bloch kọ ní 1959. Dúdú àti funfun ni ó fi yà á. Lára ìdí rẹ̀ ni pé ẹ̀jẹ̀ pupa ìbá ti pọ̀ jù lójú. Ṣokoléètì olómi ni wọ́n fi ṣe ẹ̀jẹ̀ tó ń bómi lọ nínú ilé ìwẹ̀. Níbi tí wọ́n ti gún Marion Crane pa, àwòrán kéékèèké tó lé ní 50 ni wọ́n gé tí wọ́n sì lẹ̀ pọ̀: ọwọ́, ọ̀bẹ, ẹnu tó ń ké, omi tó ń dà. Òǹwòran a jáde kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé òun rí ọ̀bẹ tó ń wọ ara léraléra, bẹ́ẹ̀ ìgé àwòrán àti igbe gòjé òyìnbó tí Bernard Herrmann to pọ̀ ló ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀bẹ ló já àwọn òǹwòran 1960 láyà jù. Janet Leigh, tó ṣe Marion, ni gbajúmọ̀ òṣèré inú fíìmù náà. Òun ni òǹwòran ń bá rìn, ìṣòro rẹ̀ ni wọ́n ń bá a gbé. Kí ìtàn tó dé ìdajì, ó ti kú. Òpó tí wọ́n fara tì ló wó lójijì.

Nígbà tí Gus Van Sant tún fíìmù yìí ṣe ní 1998, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ lé àkọ́ṣe ní àwòrán sí àwòrán. Ìwé eré tí Joseph Stefano kọ ni ó lò, orin Herrmann náà ni wọ́n tún lù. Ó fi àwọ̀ kún un, ẹ̀jẹ̀ di pupa, ojú ọgbẹ́ sì hàn lẹ́yìn Marion. Síbẹ̀ àyà kò já, nítorí kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé Marion yóò kú. Ohun tí àtúnṣe yìí fi hàn ni pé ẹ̀jẹ̀ kò lè dí àlàfo tí ìmọ̀ òǹwòran ti dá sílẹ̀. Ìríra lè pọ̀ sí i. Ìjayà ti lọ.

The Texas Chain Saw Massacre: Ààbọ̀ Ọ̀rọ̀ àti Odidi Rẹ̀

Fíìmù tí Tobe Hooper darí ní 1974 sọ ìtàn ọ̀dọ́ márùn-ún tó bọ́ sọ́wọ́ ìdílé apààyàn kan ní ìpínlẹ̀ Texas. Orúkọ fíìmù yìí nìkan tó láti mú kí ènìyàn retí odò ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ kéré. Nígbà tí Leatherface, ọ̀kan nínú ìdílé náà tó fi awọ ènìyàn bojú, fi òòlù lu Kirk lórí, ó wọ́ ọ wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn irin gbàgà. Ó parí. Nígbà tó gbé Pam kọ́ sórí ìkọ́ ẹran, kámẹ́rà kò fi ibi tí irin ti wọ ara hàn. Ojú Pam ni òǹwòran rí, pẹ̀lú ọpọ́n tó wà nílẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọpọ́n yẹn ló sọ gbogbo ohun tó kù. Àwọn àgbà ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀ a di odidi. Inú òǹwòran ni Hooper ti jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà di odidi.

Àtúnṣe tí Marcus Nispel darí ní 2003 kò gbà pé ààbọ̀ tó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọmọbìnrin kan tí àwọn ọ̀dọ́ náà gbé lọ́nà yìnbọn sí ara rẹ̀ lẹ́nu nínú ọkọ̀, kámẹ́rà sì gba inú ihò tí ọta ibọn dá sí orí rẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn náà, Leatherface fi ẹ̀rọ agégi gé ẹsẹ̀ Andy, ó gbé e kọ́ sórí ìkọ́, ó sì fi iyọ̀ ra ojú ọgbẹ́ náà. Odidi ọ̀rọ̀ nìyí, kò sì ku ohun tí inú òǹwòran yóò ṣe. Ó yẹ ní àkíyèsí pé Daniel Pearl kan náà ló ya fíìmù méjèèjì. Nítorí náà, a kò lè di ẹ̀bi ìyàtọ̀ yìí ru ayàwòrán.

Síbẹ̀, ìran tó dẹ́rù bani jù nínú àtúnṣe yìí kò lẹ́jẹ̀ nínú. Ṣẹ́ríìfù Hoyt, tí R. Lee Ermey ṣe, fi agbára òfin mú Morgan wọ inú ọkọ̀, ó sì pàṣẹ fún un láti fi bí ọmọbìnrin náà ṣe fi ìbọn sẹ́nu hàn. Òǹwòran kò mọ̀ bóyá ìbọn náà yóò dún. Ẹni tó yẹ kó dáàbò boni ló di ẹni à ń sá fún. Ibí yìí ni àtúnṣe náà ti súnmọ́ àkọ́ṣe jù, nítorí pé ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀ ló fi ń fa òǹwòran.

Òpin méjèèjì tún yàtọ̀. Ní 1974, Sally bọ́ lẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí orí rẹ̀ ti yí, Leatherface sì ń fi ẹ̀rọ agégi jó nínú oòrùn òwúrọ̀. Kò sí ẹni tó mú un. Ní 2003, Erin gé apá Leatherface, ó fi ọkọ̀ tẹ Hoyt pa, ó sì gba ọmọ ọwọ́ kan là. Òótọ́ ni pé Leatherface ṣì wà láàyè nígbà tí fíìmù parí, ṣùgbọ́n òǹwòran ti gba ẹ̀san díẹ̀ relé. Àtúnṣe tó lẹ́jẹ̀ jù lọ ló tún tuni nínú jù.

Night of the Living Dead: Àtúnṣe Tí Kò Lẹ́jẹ̀ Jù

Bó bá jẹ́ pé gbogbo àtúnṣe ló ń fi ẹ̀jẹ̀ kún ẹ̀jẹ̀, fíìmù yìí ni ìbá jẹ́ ẹ̀rí tó dára jù. George Romero ṣe àkọ́ṣe ní Pennsylvania, ó sì jáde ní 1968. Òkú dìde, wọ́n ń jẹ ẹran ara alààyè. Wọn kì í ṣe àkúdàáyà tí Yorùbá mọ̀, tó máa ń lọ tẹ̀dó sí ìlú mìíràn bí ènìyàn; òkú tí kò ní èrò kankan ju oúnjẹ lọ ni wọ́n. Àtúnṣe jáde ní 1990, Romero fúnra rẹ̀ ló kọ ìwé eré rẹ̀, Tom Savini ló sì darí rẹ̀. Iṣẹ́ ọgbẹ́ àti ẹ̀jẹ̀ àtọwọ́dá ni Savini fi gba orúkọ nínú Dawn of the Dead (1978) àti Friday the 13th (1980). Síbẹ̀ fíìmù rẹ̀ mọ níwọ̀n, nítorí àwọn tó ń to fíìmù sí ìsọ̀rí ọjọ́ orí mú kí wọ́n gé lára rẹ̀. Àkọ́ṣe, tó jáde ṣáájú kí ètò ìsọ̀rí náà tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kọkànlá 1968, ti fi jíjẹ ìfun ènìyàn hàn gbangba.

Ìjayà gidi inú àkọ́ṣe wà ní òpin rẹ̀. Ben, aláwọ̀ dúdú tí Duane Jones ṣe, la òru já. Ní òwúrọ̀, àwọn aláwọ̀ funfun tó wá pa òkú yìnbọn lù ú láti òkèèrè, wọ́n fi ìkọ́ wọ́ ọ lọ sínú iná. Oṣù kẹrin ọdún náà ni wọ́n pa Martin Luther King. Oṣù kẹwàá ni fíìmù yìí jáde. Romero kò kọ Ben gẹ́gẹ́ bí aláwọ̀ dúdú, ṣùgbọ́n òǹwòran Amẹ́ríkà kò lè wo òpin náà kí wọ́n má rántí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ìgboro. Ẹ̀jẹ̀ kọ́ ló ṣe iṣẹ́ yìí.

Ní 1990, Ben ti di òkú tó ń rìn kí wọ́n tó yìnbọn fún un, ìyẹn sì gba oró ikú rẹ̀. Àtúnṣe náà gbé ìjayà lọ sọ́dọ̀ Barbara, obìnrin tó ya bí odi nínú àkọ́ṣe. Ó di akíkanjú, ó la òru já, ó sì yìnbọn pa Harry Cooper tó ṣì wà láàyè. Ìjayà ibẹ̀ ni pé alààyè tó ní làákàyè ló pa alààyè ẹgbẹ́ rẹ̀. Àtúnṣe yìí mọ̀ pé a kò lè ya òwúrọ̀ 1968 lẹ́ẹ̀kejì, ó sì wá ọ̀nà mìíràn.

The Thing: Ẹ̀jẹ̀ Tó Jíṣẹ́

Inú ìtàn kan tí John W. Campbell kọ ní 1938 ni fíìmù méjì yìí ti jáde. Christian Nyby ló darí The Thing from Another World ní 1951, Howard Hawks ló gbé e jáde. Ẹ̀dá tó wá láti ojú ọ̀run níbẹ̀ dúró bí ènìyàn, òǹwòran kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ rí i dáadáa. Ìjayà rẹ̀ dára fún ìgbà rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn ló mọ ẹni tí ọ̀tá jẹ́.

John Carpenter padà sí èrò Campbell ní 1982: ẹ̀dá náà lè di ẹnikẹ́ni. Rob Bottin ló ṣe àwọn ara tó ń ya, orí tó ń já kúrò lọ́rùn tó sì ń hu ẹsẹ̀ bí aláǹtakùn. Ìríra inú rẹ̀ ju ti 1951 lọ ní ìlọ́po púpọ̀. Àwọn lámèyítọ́ bẹnu àtẹ́ lù ú nígbà tó jáde. Lónìí, ọ̀pọ̀ ló kà á mọ́ àwọn fíìmù adẹ́rùbani tó dára jù.

Ìran àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló ṣàlàyé ìdí. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ẹnìkọ̀ọ̀kan sínú àwo, MacReady sì ń fi wáyà gbígbóná kàn án ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òǹwòran ti rí bí ara ṣe ń ya ní ìṣáájú, ìdí nìyẹn tí àwo kékeré tí kò tíì ṣe nǹkan kan fi ń mú ọwọ́ gbọ̀n. Ẹ̀jẹ̀ ìṣáájú ló bí ẹ̀rù ìkẹyìn. Ká ní Carpenter fi ara yíya pamọ́, àwọn òǹwòran kì bá tí mọ ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù.

Ohun Tó Ń Ti Àtúnṣe sí Ẹ̀jẹ̀

Kò yẹ kí a sọ ìwọ̀ntúnwọ̀nsì àkọ́ṣe di ìwà mímọ́. Òfin tó de Hollywood títí di 1968 kò gba ọgbẹ́ gbangba láàyè, Hooper pàápàá sì dín ẹ̀jẹ̀ kù ní ìrètí pé a ó to fíìmù rẹ̀ sí ìsọ̀rí tí ọ̀dọ́ lè wò. Ìrètí náà já sófo. Ní 1975, ìgbìmọ̀ tó ń yẹ fíìmù wò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ̀ láti fọwọ́ sí i. 1999 ni wọ́n tó fọwọ́ sí i láìgé nǹkan kan kúrò. Ìfìyàjẹni tó wà nínú rẹ̀ kò sí lójú kan tí a lè gé sọnù.

Ohun kejì ni ìmọ̀ òǹwòran. Ojú tó ti rí òkun kì í rí ọ̀sà kó bẹ̀rù. Olùdarí àtúnṣe mọ èyí, ó sì ń wá omi tó ju òkun lọ. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé wọ́n ń fi bí ẹ̀jẹ̀ ṣe pọ̀ tó wá òkun náà, nígbà tí Carpenter wá a nínú ìbéèrè tuntun.

Ìkádìí

Nínú àtúnṣe mẹ́rin, méjì fi ẹ̀jẹ̀ kún un tí ẹ̀rù sì dín kù, ọ̀kan dín ẹ̀jẹ̀ kù tó sì ṣe dáadáa níwọ̀nba, ọ̀kan fi ẹ̀jẹ̀ kún un lọ́pọ̀lọpọ̀ tó sì borí àkọ́ṣe. Òfin "ẹ̀jẹ̀ púpọ̀, ẹ̀rù díẹ̀" kò lè dúró lórí irú ẹ̀rí yìí.

Àwọn fíìmù wọ̀nyí kì í ṣe ti ọmọdé, kò sì yẹ kí olùkọ́ gbé wọn wọ kíláàsì àwọn èwe. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ lámèyítọ́ inú wọn wúlò fún ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ ọ́ sínú ìdáhùn rẹ̀ pé ẹ̀jẹ̀ pọ̀ jù nínú iṣẹ́ kan, ó yẹ kí olùkọ́ bi í ní ohun tí òǹwòran mọ̀ kí ẹ̀jẹ̀ náà tó jáde, àti ohun tó kù fún un láti bẹ̀rù lẹ́yìn rẹ̀. Bí ìdáhùn sí ìbéèrè kejì bá jẹ́ "kò sí," a jẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ náà ti rí àléébù iṣẹ́ náà, ó sì ti rí ìdí tó fi jẹ́ àléébù.