Négritude àti Ọ̀rọ̀ Ẹ̀jẹ̀

Ní ọdún 1948 ni Léopold Sédar Senghor, ọmọ Sẹ̀nẹ̀gàl, kó ewì àwọn akéwì aláwọ̀ dúdú tí ń lo èdè Faransé jọ sínú ìwé kan, tí Jean-Paul Sartre sì kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú sí i. "Orphée noir" ni àkọlé ọ̀rọ̀ náà. Láti ibẹ̀ ni ìwé àtìgbàdégbà Black Orpheus, tí Ulli Beier bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ jáde ní Ìbàdàn ní 1957, ti mú orúkọ rẹ̀. Bí ọ̀rẹ́ ni Sartre ṣe kọ ọ́, ṣùgbọ́n ó sọ ohun kan níbẹ̀ tí àríyànjiyàn rẹ̀ kò tíì tán: pé Négritude jẹ́ ẹlẹ́yàmẹ̀yà tí ń bá ẹlẹ́yàmẹ̀yà jà, àti pé bí iṣẹ́ rẹ̀ bá parí, yóò kọjá lọ. Frantz Fanon bínú sí èyí nínú ìwé rẹ̀ ti 1952, kò sì yani lẹ́nu. Ta ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ohùn ara rẹ̀, tí a ó sọ fún un pé ohùn náà kò ní pẹ́ dákẹ́, tí inú rẹ̀ yóò dùn?

Àwọn tí ń gbèjà Négritude a máa tọ́ka sí ọdún 1935. Ní ọdún náà ni òfin Nuremberg gba ẹ̀tọ́ ọmọ-ìlú lọ́wọ́ àwọn Júù ní Jámánì, tí àwọn ọmọ ogun Mussolini sì ya wọ Ethiopia. Ní ọdún kan náà ni L'Étudiant noir jáde ní Paris láti ọwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní ọlọ́pàá, tí kò ní ọmọ ogun, tí kò lé ẹnikẹ́ni kúrò nílé. Àwíjàre yìí lágbára, ṣùgbọ́n kò tó. Àìlágbára ẹni kì í ṣe ẹ̀rí pé ọ̀rọ̀ ẹni dára. Senghor fúnra rẹ̀ kò sá pamọ́ síbẹ̀: ó jẹ́wọ́ nígbà tí ó dàgbà pé ní ìgbà èwe wọn, láìfura, àwọn ti sọ̀rọ̀ bí Hitler, tí àwọn ń yin ẹ̀jẹ̀.

Níbo ni wọ́n ti kọ́ ọ? Leo Frobenius, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì, wà nínú àwọn tí ó fi yé wọn pé ọ̀làjú ti wà ní Áfíríkà kí òyìnbó tó dé. Senghor àti Aimé Césaire ka ìwé rẹ̀ tí a tú sí Faransé ní 1936 bí ẹni tí ó rí omi nígbà ọ̀dá. Frobenius yìí kan náà ni ó wá sí Ilé-Ifẹ̀ ní 1910, tí ó rí orí idẹ Olókun, tí ó sì kéde pé ará Atlantis ni ó mú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wá, kì í ṣe àwọn baba ńlá Yorùbá. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ká òǹkàwé Yorùbá lára. Ìrònú kan ṣoṣo ni ó bí ìyìn náà àti èébú náà: pé a bí ẹ̀mí kan mọ́ ìran kọ̀ọ̀kan, ẹ̀mí náà ni yóò sì pinnu ohun tí ọwọ́ wọn lè ṣe. Nígbà tí Senghor kọ ọ́ ní 1939 pé ìmọ̀lára ni ti aláwọ̀ dúdú, pé làákàyè sì ni ti Gíríìkì, ohùn Frobenius ni a gbọ́. Ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni gbólóhùn náà. Inú rere tí a fi sọ ọ́ kò yí i padà. Ewì ńlá tí Césaire gbé jáde ní ọdún kan náà kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyà tí a fi jẹ ènìyàn ni ó gbé dìde, ó sì bẹ̀bẹ̀ nínú rẹ̀ pé kí ìkórìíra má sọ òun di ẹrú.

Ti Fáṣíìsì yàtọ̀, nítorí pé kì í ṣe orí ìwé ni ó ń gbé. Háítì ni a ti lè wò ó. François Duvalier wà lára àwọn tí ó dá ìwé Les Griots sílẹ̀ ní 1938, níbi tí òun náà ti ń wàásù ẹ̀mí àbímọ́ni ti aláwọ̀ dúdú. Ó di olórí ìjọba ní 1957. Ní 1964 ó fi ara rẹ̀ jẹ ààrẹ títí ayé. Aláwọ̀ dúdú bí tirẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tí Tonton Macoute rẹ̀ pa. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti di òṣùwọ̀n, ẹnìkan ni yóò di òṣùwọ̀n náà mú, alátakò rẹ̀ a sì di ọ̀dàlẹ̀ ìran.

Senghor náà ṣèjọba. Ó fi Mamadou Dia, ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́, sí ẹ̀wọ̀n láti 1962 títí di 1974, kí òun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ìjọba sílẹ̀ ní ìparí 1980. Ẹ̀sùn ìdìtẹ̀ ni a fi kan Dia. A kò wí pé kì í ṣe ọmọ Áfíríkà tòótọ́.